Ewé àti èèpo igi fún aràn inú màlúù: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ẹ̀yin ọlọ́sìn Kwara ẹ bá mi dá sí i

AgbeAjase

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo ní kí n gbé síta. Màlúù Bunaji díẹ̀ ni mò ń sìn lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, mi ò dà wọ́n káàkiri, inú ọgbà ni wọ́n ń sùn, láàárọ̀ a máa ń tú wọn sí pápá ẹ̀yìn ọgbà, lálẹ́ mo tún ń gé koríko fún wọn. Tójò bá ti rọ̀ dáadáa báyìí, bíi oṣù kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, irun wọn á máa rí wúruwùru, ìgbẹ́ á máa ṣàn, àwọn ọmọ wọn á rù. Tí mo bá ra oògùn aràn tí mo fún wọn á dáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún dé. Owó oògùn wá ń gorí owó oògùn.

Bàbá kan ní gáà Fúlàní tó wà nítòsí wa sọ fún mi pé àwọn kì í ra gbogbo ìyẹn, ewé ọ̀gánwó àti dóńgóyárò làwọn ń fún ẹran. Ẹlòmíì ní kí n lọ hóró ìbẹ́pẹ kí n dà á mọ́ oúnjẹ wọn. Wọ́n tún ti ń ta páúdà kan báyìí nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ewé nìkan ló wà nínú ẹ̀, pé tí màlúù bá ti ń jẹ ẹ́ kò nílò oògùn mọ́ láé. Èwo lòótọ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i ni kó dá mi lóhùn ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "wọ́n ní, wọ́n ní" dá mi lóhùn.

OmoGaa_Ilorin

Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ò parọ́ fún yín o. Gáà ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí koríko, ẹ̀ka ọ̀gánwó àti ti igi apá la máa ń gùn lọ gé fún ẹran, wọ́n á sì jẹ ẹ́ bó ṣe korò tó. Àwọn àgbà wa gbà pé ó ń fọ inú ẹran. Èèpo ọ̀gánwó náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú kán-ún, wọ́n á dà á sí i lọ́nà ọ̀fun, pàápàá èyí tó bá ń rù láìsí ìdí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá yẹn ò rántí sọ fún yín. Ẹran gáà ń rìn. Ibi tó jẹ lónìí, ó lè má padà síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíì. Tiyín ń yàgbẹ́ síbi tó ti ń jẹun, ó tún ń padà jẹ níbẹ̀ lọ́la. Tẹ́ ẹ bá mú ewé wa tẹ́ ẹ fi ìrìn wa sílẹ̀, ẹ ẹ̀ tíì mú ìdajì.

Dokita_Eran

Ọmọ gáà ti sọ ojú abẹ níkòó, mo fẹ́ gùn lé e. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aràn ti ń wọlé, torí tí a ò bá mọ ìyẹn, ewé ni o, oògùn ni o, owó là ń sọ nù.

Aràn tó ń dààmú màlúù lágbègbè wa kì í ṣe irú ẹyọ kan. Haemonchus wà, inú ikùn kẹrin nínú ikùn mẹ́rin tí màlúù ní ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Cooperia, Trichostrongylus àti Oesophagostomum wà pẹ̀lú. Ẹyin wọn á bá ìgbẹ́ jáde, tí ilẹ̀ bá tutù tí ooru sì wà bó ṣe máa ń rí nígbà òjò tiwa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ọmọ aràn ti gbó tó láti wọ ara ẹran, á bá ìrì gun ewé koríko, màlúù á fi jẹun. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, òun náà ti ń yé ẹyin. Ẹ wá wo ohun tí AgbeAjase kọ: àárọ̀ ló ń tú wọn sílẹ̀, pápá kan náà ni, ìrì ṣì wà lórí koríko. Oògùn á pa èyí tó wà nínú, pápá á tún fún wọn ní òmíì lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá. Ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ jẹ́ kí oòrùn ó gbẹ ìrì kẹ́ ẹ tó tú wọn, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ koríko dé ìdí, torí ìdí koríko lọmọ aràn pọ̀ sí jù.

Ẹ sì tún wo ewé ọ̀gánwó yẹn dáadáa. Orí igi ló ti wá, ọmọ aràn kan ò lè gun dé ibẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ sí oògùn kankan nínú ewé náà, gbogbo ẹnu tí màlúù bá fi jẹ ẹ́ jẹ́ ẹnu tí kò fi jẹ aràn.

Àmọ́ nǹkan wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ewé báyìí ní ohun tí wọ́n ń pè ní tannin, òun ló ń mú ahọ́n háni tí a bá jẹ káṣú tí kò pọ́n. Nínú ṣàkì, tannin á dì mọ́ prótíìnì oúnjẹ, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ṣàkì ò ní lè jẹ prótíìnì náà tán. Tó bá dé ikùn kẹrin tí ásíìdì pọ̀ sí, á tú u sílẹ̀, màlúù á rí i lò. Ẹran tó bá rí prótíìnì jẹ dáadáa, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń bá aràn jà. Tannin tún ń ba ara aràn jẹ́, kì í jẹ́ kí ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bọ́ awọ tó fi ń dáàbò bo ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí kò bá bọ́ ọ kò lè ráyè jókòó. Ní Amẹ́ríkà koríko kan tó ń jẹ́ sericea lespedeza ni wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, àbájáde ẹ̀ sì dáa.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra nìyí. Ní Denmark, ní 2016, àwọn olùwádìí gbé iṣẹ́ jáde lórí ọmọ màlúù tó ń jẹ ewé chicory. Aràn Ostertagia tó wà ní ikùn kẹrin dín kù gan-an, ṣùgbọ́n Cooperia tó wà nínú ìfun, bíi pé wọn ò ṣe nǹkan kan sí i. Màlúù kan náà, ewé kan náà o. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé páúdà òun ń pa gbogbo aràn, ẹ bi í pé aràn wo, ẹran wo, ta ló ka aràn náà.

Omo_Agric_Malete

Dókítà ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ gbèjà ìbẹ́pẹ díẹ̀ torí èmi gbà á gbọ́. Hóró ìbẹ́pẹ ní benzyl isothiocyanate nínú, ó ń pa aràn. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, iṣẹ́ kan jáde ní 2007, wọ́n fi hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ oyin fún àwọn ọmọdé tó ní aràn inú, ọmọ 60 ló kópa, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ hóró náà ni inú wọn mọ́. Ewúro pẹ̀lú, àwọn ìnàkí tó wà ní òkè Mahale ní Tanzania, láti 1987 ni wọ́n ti rí wọn tí wọ́n ń bó igi ewúro tí wọ́n ń fa omi inú ẹ̀ mu tí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹranko fúnra ẹ̀ mọ oògùn ẹ̀. Kí ló dé tí a ò ní máa lo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa?

Dokita_Eran

Àbúrò, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, inú mi dùn pé o ń kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn ò ní ṣàkì, ìnàkí náà ò ní. Ohun tí màlúù bá jẹ á kọ́kọ́ wọ inú ṣàkì tó gba omi tó kún korobá bíi mélòó kan, á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn kòkòrò inú ibẹ̀ á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa yí i padà. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó pa aràn nínú ife láàbù kì í dé ìfun màlúù láàyè. Ìwọ̀n náà tún ńkọ́? Hóró tó tó ọmọ ọdún márùn-ún, kí ni yóò ṣe nínú ẹran kílò 300? Ìdí tí dóńgóyárò náà fi ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí kì í ṣiṣẹ́ níbòmíì nìyẹn: àwọn kan dán an wò lára àgùntàn wọ́n ní aràn dín kù, àwọn míì dán an wò wọn ò rí nǹkan kan. Abo tó lóyún, èmi ò ní fún un ní dóńgóyárò rárá.

Mi ò bá ewé ṣọ̀tá o. Ivermectin, oògùn aràn tí gbogbo wa ń gún, inú kòkòrò tíntìntín kan tó ń gbé inú erùpẹ̀ ní Japan ni wọ́n ti rí i. Ní 2015 tí wọ́n fún Campbell àti Ōmura ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀, obìnrin ará China kan, Tu Youyou, ló bá wọn pín in, torí oògùn ibà tó yọ látinú ewé. Inú ohun tó wà láyìíká wa náà ni ọ̀pọ̀ oògùn ti ń wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn yẹn wọ̀n ọ́n, wọ́n kà á, wọ́n mọ iye tó tó àti iye tó pọ̀ jù.

AlapataIpata

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń la inú ẹran, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi ń rí. Ẹran tẹ́ ẹ rí tó rù tó wú lábẹ́ àgbọ̀n, tẹ́ ẹ bá là á, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Aràn pẹlẹbẹ bí ewé lẹ máa rí nínú àwọn ihò ẹ̀dọ̀ yẹn, ihò náà á ti le gbandi. A ó gé e dànù, nígbà míì gbogbo ẹ̀dọ̀ ni dókítà tó ń yẹ ẹran wò máa ní ká jù nù, àdánù ńlá ni fún ẹni tó rà á ní kára. Àwọn ẹran tó ń mumi létí odò àti àbàtà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣé ewé lè dé inú ẹ̀dọ̀ ni? Ẹ bá mi bi dókítà.

Dokita_Eran

Alhaji, ìbéèrè tó lágbára lẹ bi yìí. Aràn ẹ̀dọ̀ nìyẹn, Fasciola gigantica, inú ìgbín kékeré tó ń gbé inú omi ló ti ń dàgbà kó tó lẹ̀ mọ́ koríko etí omi. Mi ò mọ ewé kankan tí màá fọkàn tán fún un. Ivermectin gan-an ò ràn án. Oògùn tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, bíi triclabendazole tàbí closantel, albendazole náà lè pa èyí tó ti dàgbà nínú wọn tó bá jẹ́ ìwọ̀n tó ga ju ti aràn ìfun lọ ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá lè gbé omi sínú ọpọ́n fún ẹran ẹ̀, tó sì fi ọgbà dí etí àbàtà, ti ṣe ju ohun tí igò oògùn máa ṣe lọ.

Ibòmíì tí ewé ò lè dé ni ọmọ màlúù tí kò tíì máa jẹ koríko. Aràn Toxocara vitulorum, inú wàrà ìyá ẹ̀ ló ti ń gbà á láti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Ẹnu ọmú ni ọmọ náà wà, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ewé bọ́ ọ? Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ti fún un lóògùn.

OmoIgbomina_OmuAran

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí ohun tí mò ń ṣe fún ẹran mi nìyí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ níbí. EWÉ PÁKÍ. Gbogbo wa ní gúúsù Kwara la ń gbin pákí, Nàìjíríà ló ń ṣe pákí jù lágbàáyé, èèpo ẹ̀ la máa ń sáré kó fún ẹran, a ó wá fi ewé sílẹ̀ sínú oko kó jẹrà. Bẹ́ẹ̀ èèpo ò ní prótíìnì kan dàbí alárà, ewé ló ní in, ó lé ní 20 nínú 100 tó bá gbẹ, ó tún ní tannin tí Dókítà ń sọ yẹn. Ní Thailand wọ́n ti fi ewé pákí gbígbẹ bọ́ màlúù àti ẹfọ̀n omi, wọ́n ka ẹyin aràn inú ìgbẹ́ wọn, ó dín kù. Ohun tí mo kà nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é: lọ́jọ́ tí a bá ń wa pákí, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gé ọrùn igi tí ewé wà lára ẹ̀ sọ́tọ̀, a ó ṣá a wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a ó tẹ́ ẹ tínrín sórí tápólì nínú oòrùn, a ó máa yí i, ó máa ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tí ewé á fi máa rún lọ́wọ́. Ẹ má fún ẹran ní tútù o! Oró inú pákí tútù lè pa màlúù kíákíá, pàápàá àwọn irú pákí kíkorò, ṣíṣá àti sísá yẹn ló ń lé oró náà jáde. Kẹ́ ẹ sì má já ewé lára pákí tó ṣì ń ta, iṣu ẹ̀ ò ní tóbi. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Mo pín ẹran mi sọ́nà méjì, apá kan ń jẹ ẹ́, apá kejì ò jẹ ẹ́, mo gbé ìgbẹ́ wọn lọ sí láàbù ṣáájú àti lẹ́yìn. Nínú àwọn tó jẹ ewé, ẹyin aràn dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Kò tán o, ó dín kù ni. Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni ara wọn, irun wọn ń dán, wàrà náà lé sí i, èmi rò pé prótíìnì yẹn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Oògùn ṣì wà nílé mi. Àwọn tí ẹyin pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ wọn nìkan ni mò ń fún báyìí.

IyaWara

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Wàrà ni mo ń tà, ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin gáà ni mo ti ń rà á. Mo fẹ́ bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run. Àwọn kan á gún ẹran lábẹ́rẹ́ lónìí, lọ́la wọ́n ti fún wàrà ẹ̀ wá fún wa, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù. Ewé náà sì ní tiẹ̀, tí ẹran bá ti jẹ aáyù, wàrà á máa rùn, oníbàárà á dá a padà.

Mo tún gbọ́ tí ẹnì kan ní bomubomu tí wọ́n fi ń dì wàrà náà ń pa aràn. Ṣé òótọ́ ni, ṣé ká máa fún ẹran jẹ?

Dokita_Eran

Màámi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ivermectin abẹ́rẹ́, kò yẹ fún màlúù tí èèyàn ń mu wàrà ẹ̀ rárá. Albendazole, ó ní iye ọjọ́ tí wàrà ò gbọ́dọ̀ fi wọ ọjà, ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n kà á. Ẹran tí wọ́n fẹ́ pa náà ní iye ọjọ́ tiẹ̀, Alhaji Ìpàtà mọ̀.

Bomubomu, oje ara ẹ̀ ní énsáìmù tó ń gé prótíìnì, irú èyí tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ. Ìyẹn ló ń mú wàrà dì, òun náà ló lè gé awọ aràn. Ṣùgbọ́n igi yẹn tún ní oró tó ń kọlu ọkàn. Ìwọ̀nba ewé díẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń dì wàrà yàtọ̀ sí kí màlúù máa jẹ ẹ́. Ẹ má fún ẹran jẹ màámi, ẹ jọ̀ọ́.

AgbeAjase

Ọlọ́run á san gbogbo yín lóore. Mo ti wá mọ ibi tí mo dúró. Dókítà, ìbéèrè méjì ló kù. Oògùn tí mo ní, albendazole 2.5% ni, ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní ìdérí ìgò kan, ṣé ó tó? Ẹ̀ẹ̀kejì, ewé pákí yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la sábà máa ń wa tiwa, ìgbà òjò sì ni aràn ń dààmú mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Dokita_Eran

Há, ìdérí ìgò kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. 2.5% túmọ̀ sí pé mílígíráàmù 25 ló wà nínú mìlílítà kan. Aràn ìfun, mílígíráàmù 7.5 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ẹran. Tí màlúù yín bá tó kílò 300, mílígíráàmù 2,250 ló yẹ kó gbà, ìyẹn mìlílítà 90. Ìgò oní-100 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ kù fún ẹlòmíì! Ìdérí kan ò tó ìdá mẹ́rin ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aràn tí kò lágbára á kú, èyí tó gbójú á yè, òun ló máa bímọ kún pápá yín, lẹ́yìn ọdún mélòó kan oògùn náà ò ní ran nǹkan kan mọ́, ẹ ó wá sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ra tépù tí wọ́n fi ń wọn àyà màlúù kẹ́ ẹ lè mọ kílò ẹ̀. Abo tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akọ, oṣù kan ààbọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní albendazole.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún wọn, bí ọjọ́ 14, ẹ tún gbé ìgbẹ́ lọ kà. Tí ẹyin ò bá dín tó 95 nínú 100, oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ yí i padà. Ọ̀nà yìí náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn ń ṣe nǹkan kan. Kó tiẹ̀ kọ́kọ́ ní nọ́ńbà NAFDAC lára ná.

OmoIgbomina_OmuAran

Ti ewé pákí, ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an ló dáa láti sá a, oòrùn wà, kò ní bu. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ dì í sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kí òjò má dé ibẹ̀. Oṣù karùn-ún kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, kí aràn tó gba pápá. Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ èèpo pákí tàbí èérí ọkà, tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ń ṣẹ́ oúnjẹ kù, ẹ dín in kù, tannin tó bá ti pọ̀ jù máa ń pa oúnjẹ lẹ́nu ẹran. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

OmoGaa_Ilorin

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ọ̀gánwó, ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ gé, ẹ fi orí igi sílẹ̀. Èèpo náà, ẹ má bó o yípo, igi á kú. Wọ́n ti ń ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa.

AgbeAjase

Mo ti gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa gbé ìgbẹ́ náà? Mo lè mú un wá sí Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé.

Dokita_Eran

Ẹ wọ nọ́lọ̀ǹ sọ́wọ́, inú ìdí ẹran ni kẹ́ ẹ ti mú un, ẹ má ṣà á nílẹ̀, torí aràn ilẹ̀ lásán á ti dà mọ́ ọn. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan fún ẹran kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹran sí nọ́lọ̀ǹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó so ó, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sínú kúlà tó ní omi dídì díẹ̀, kó má ṣáà dì gbagidi. Kó dé láàbù lọ́jọ́ kan náà, torí ẹyin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa tí ooru bá mú un, a ò ní rí i kà mọ́. Ẹ mú ti ọmọ màlúù lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì mú ti àgbà lọ́tọ̀. Láàbù tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìtọ́jú ẹran ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ lè béèrè níbẹ̀.